Ǹjẹ́ Sánmọ̀ àti Ilẹ̀ Ní Ìbẹ̀rẹ̀?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí tóbi ju ẹnu mi lọ. Ẹ mọ̀ pé ládánì ni mí. Ilé-kéwú ni mo ti mọ̀wé, mo sì ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo dúró níbẹ̀. N kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ilé kan tí mo mọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé náà ká. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kó o síwájú yín, kí ó má baà wọ ilé tiyín lójijì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a jókòó díẹ̀ ní mọ́sálásí bí ìṣe wa. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wà láàárín wa, ó wá lo ìsinmi nílé láti yunifásítì. Ẹnì kan bi í pé kí ni ó ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ náà dáhùn pé òun ń kọ́ nípa ìràwọ̀ àti ohun tí ó wà lókè. Ó ní àwọn tó mọ ìṣirò rẹ̀ ti rí i pé gbogbo ohun tí à ń rí yìí, òòrùn, òṣùpá, ìràwọ̀ àti ilẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, ti inú ohun kan tí ó fún pọ̀, tí ó sì gbóná kọjá sísọ jáde wá, àti pé ọ̀rọ̀ náà ti tó ọdún bílíọ́nù 13.8.

Bàbá rẹ̀ fò dìde. Ó ní, "Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ta ilẹ̀? Ta ló dá sánmọ̀, Ọlọ́run ni àbí iná?" Ó búra pé òun kò ní san owó ilé-ìwé mọ́, àti pé kèfèrí kò ní jẹun nínú ilé òun. Èmi náà, kí n sọ òtítọ́, n kò ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo yíjú sí ọmọ náà, mo ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́, mọ́sálásí la wà." Mo rò pé mo ti gbèjà ẹ̀sìn.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá ọmọ náà wọlé tọ èmi àti ìyàwó mi wá pẹ̀lú omijé. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ gbà mí o. Ọmọ ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní bí mọ́sálásí kò bá fẹ́ ìbéèrè, òun kò ní débẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ náà ní bí ó bá lọ, kí ó má padà." Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ tí ó wà ní ìsinmi, tí ó dìde lórí ibùsùn wá bá wa kírun àsùbáà, ṣé èmi ni mo fẹ́ lé e jáde? Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ta ni a ó wá bi bí a bá ti pa ẹnu ẹni tó mọ̀ mọ́?

Ní ọjọ́ kejì mo ránṣẹ́ pè é. Mo ní, "Ọmọ mi, má bínú. Jókòó, kí o sì kọ́ mi." Ìrọ̀lẹ́ méje ni ó fi kọ́ mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àti èyí tí mo ti kọ́ ní ilé-kéwú tẹ́lẹ̀, ni mo pa pọ̀ síbí yìí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìbéèrè pé bóyá ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Àwọn baba wa nínú ẹ̀sìn ti jà á ja ara wọn láti ọdún tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sẹ́yìn. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ́ni pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ayérayé. Nígbà tí ìwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, al-Kindi tí ó gbé ní Bàgídáàdì, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 873, sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe yé ohun tí ó ń wí nìyí: ká ní mo gbé tẹ̀sùbáà tí kò lórí kò nídìí fún ọ, tí mo ní kí o kà á tán kí o tó jẹun alẹ́. Ìgbà wo ni ìwọ yóò jẹun? Láéláé ni. Bí ọjọ́ tó ti kọjá kò bá ní iye, báwo ni wọn yóò ṣe kọjá tán kí ọjọ́ òní tó kàn?

Lẹ́yìn èyí ni Ibn Sina dé, oníṣègùn ńlá tí ó kú ní 1037. Òun ní Ọlọ́run ni orísun ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ayé ti ń ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá láìní ìbẹ̀rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bá fìtílà tí a tàn rìn: kò sí ìgbà tí iná wà lẹ́nu òwú tí ìmọ́lẹ̀ kò sí. Al-Ghazali kò gbà. Ní 1095 ó kọ ìwé láti ta ọ̀rọ̀ yìí àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ dànù. Ó ní Ọlọ́run kì í ṣe fìtílà tí kò ní ìfẹ́-inú ti ara rẹ̀. Ó wu Ọlọ́run ni Ó fi dá ayé. Bí ẹnì kan bá sì béèrè pé kí ni Ó ń ṣe ní àná ọjọ́ tí Ó dá a, ìdáhùn rẹ̀ ni pé àná kò sí, nítorí àkókò fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a dá. Ibn Rushd, adájọ́ àti oníṣègùn ará Kọ̀dóbà, tí ó kú ní 1198, tún kọ ìwé láti dá Ghazali lóhùn.

Ẹ wò ó, onírun ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó sọ nínú wọn pé Ọlọ́run kò sí. Àríyànjiyàn wọn ni bóyá iṣẹ́ Rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ghazali le gan-an lórí rẹ̀, ó ní ẹni tó bá sọ pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀ ti jáde nínú ẹ̀sìn. Ó dára. Kí wá ni ọmọ yìí sọ ní mọ́sálásí? Ó ní ayé ní ìbẹ̀rẹ̀! Ohun tí Ghazali torí rẹ̀ kọ̀wé ni ọmọ wa sọ, àwa sì pè é ní kèfèrí. Ọmọ kí wa ní èdè tí a kò gbọ́, a rò pé ó bú wa.

Ó yá, kí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí? Ní 1917, Albert Einstein fúnra rẹ̀ gbà pé ayé dúró gbọn-in ní ojú kan, ó sì fi nǹkan kan kún ìṣirò rẹ̀ kí ó lè dúró bẹ́ẹ̀. Ní 1922, ará Rọ́ṣíà kan, Alexander Friedmann, ṣe ìṣirò kan náà, ó rí i pé ayé lè máa fẹ̀. Ní 1927, Georges Lemaître, tí í ṣe àlùfáà ìjọ Kátólíìkì àti onímọ̀ ìṣirò ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù, sọ pé ó ń fẹ̀ lóòótọ́. Ní 1929, Edwin Hubble, tí ó ń fi awò ńlá wo ìràwọ̀ lórí òkè Mount Wilson ní Kalifọ́níà, fi hàn pé bí agbo ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ó ṣe ń yára sá fún wa tó.

Mo bi ọmọ náà pé, "Ta ló bá wọn débẹ̀ tí wọ́n fi mọ̀ pé ó ń sá?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Ládánì, bí ọkọ̀ bá ń fun fèrè bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, báwo ni ohùn fèrè náà ṣe ń rí? Bí ó bá ti kọjá ńkọ́?" Mo ní ohùn rẹ̀ a máa ga bí ó bá ń bọ̀, a sì wálẹ̀ bí ó bá kọjá. Ó ní ìmọ́lẹ̀ náà ní irú tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ohun tó ń jìnnà sí wa a máa fà sí pupa. Ó tún ní kí n má rò ó bíi bọ́ǹbù tó bú láàárín òfìfo. Kí n rò ó bí ìyẹ̀fun púfù-púfù tí a pò mọ́jú. Bí ẹ bá da ẹyọ ẹ̀wà sínú ìyẹ̀fun náà, bí ó ti ń wú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń jìnnà sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó rin ìrìn kan lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ìyàwó mi tó ń gbọ́ wa láti ẹ̀gbẹ́ àárò ní, "Èyí yé mi ju wàásù ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ."

Bí ohun kan bá ń fẹ̀ lónìí, a jẹ́ pé ó kéré lánàá, ó sì fún pọ̀ níjẹta. Lemaître rò ó sẹ́yìn báyìí títí, ní 1931 ó ní ayé ní láti ti inú ohun kan ṣoṣo wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà. Ní 1948, Fred Hoyle ará Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin, pé bí ó ti ń fẹ̀ ni nǹkan tuntun ń yọ láti dí àlàfo. Hoyle yìí ni, nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí rédíò ní 1949, ó pe ìrò ti Lemaître ní Ìbúgbàù Ńlá. Orúkọ náà mọ́ ọn lórí títí dòní.

Ta ni yóò ṣẹ́ ẹjọ́ yìí? Ní 1964, ọkùnrin méjì, Arno Penzias àti Robert Wilson, ń fi ẹ̀rọ ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ dà bí ìwo gbọ́ ohùn láti òkè, ní Holmdel ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ariwo wẹ́ẹ́ kan ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n yí ẹ̀rọ síhìn-ín, ariwo wà níbẹ̀. Wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ó wà níbẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Wọ́n bá ẹyẹlé méjì tó tẹ́ ìtẹ́ sínú ẹnu ẹ̀rọ. Wọ́n lé ẹyẹlé, wọ́n fọ gbogbo ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò. Ariwo kò lọ. Àṣé ooru àtijọ́ ni! Bí o bá wọ ilé ìdáná tí kò sí iná níbẹ̀, tí o fi ọwọ́ kan òkúta àárò tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, o mọ̀ pé iná ti jó níbẹ̀ láàárọ̀. Ooru tí wọ́n bá lójú sánmọ̀ nìyẹn. Ó ti tutù púpọ̀, kò tó ìwọ̀n mẹ́ta sókè ibi tí òtútù ti pin, ṣùgbọ́n ó kún ibi gbogbo. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1965, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1978. Ẹ̀yin tí ẹ rántí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tí ó máa ń hó yàà bí kò bá gba ibùdó kankan, díẹ̀ nínú híhó náà jẹ́ ooru yìí.

Wọ́n mú ìròyìn náà tọ Lemaître lọ lórí ibùsùn àìsàn, ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1966. Ó rí ẹ̀rí kí ó tó lọ. Hoyle ní tirẹ̀ kò gbà títí ó fi kú ní 2001.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ẹ̀kọ́ náà nìyí. Iṣẹ́ mi ni láti jí ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí ní òru àìmọye, mò ń retí kí ìlà funfun là ní ìlà-oòrùn. N kò bi ara mi léèrè rí pé kí ló dé tí òru fi ṣókùnkùn. Ìwọ yóò ní nítorí pé òòrùn ti wọ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Olbers, gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò ní 1823. Bí o bá dúró láàárín igbó kìjikìji tí kò lópin, ibi yòówù kí o kọjú sí, igi ni ojú rẹ yóò bá. Bákan náà, bí ìràwọ̀ kò bá lópin, tí wọ́n sì ti ń tàn láti ayérayé, ibi yòówù kí a wò lókè, ìràwọ̀ ni ojú wa ìbá bá, gbogbo sánmọ̀ ìbá sì máa mọ́lẹ̀ bí ojú òòrùn lóru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ tó ga jù ni pé àwọn ìràwọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tàn. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn, kì í fò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ti òòrùn ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó kàn wá. Ti ọ̀pọ̀ àwọn tó jìnnà kò tíì rí àkókò tó láti dé ọ̀dọ̀ wa. Òkùnkùn tí mo ti ń dúró nínú rẹ̀ láti ọdún yìí wá, ẹ̀rí ni ó ń jẹ́ sí mi létí, n kò sì gbọ́.

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ Lèmọ́mù lẹ́yìn ìrun, mo dìde, mo ké pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wá jẹ́rìí sí Àlùkùránì. Ìjọ pariwo kábàrà. Nígbà tí wọ́n túká, ọmọ náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Ládánì, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí nǹkan mìíràn lọ́la, ṣé ẹ óò ní Àlùkùránì ti yí padà?"

Ẹnu mi wọhò. Ó wá ṣe àlàyé fún mi. Ó ní pé ayé gbóná, pé ó fún pọ̀, pé ó ti ń fẹ̀ fún ọdún bílíọ́nù 13.8, ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀. Ooru tí Penzias àti Wilson bá yẹn ti wà láti nǹkan bí ọdún 380,000 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ sẹ́yìn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ìṣirò dàrú mọ́ àwọn onímọ̀ lọ́wọ́. Bóyá nǹkan kan wà ṣáájú ni, bóyá kò sí ni, kò sí ẹni tó tíì rí i. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń rò pé nǹkan mìíràn ló ṣáájú rẹ̀. Olóòótọ́ inú wọn kì í fi ìyẹn pa mọ́.

Mo rí i pé àṣìṣe méjì ni mo ti ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ti àkọ́kọ́, mo bẹ̀rù ìmọ̀. Ti èkejì, mo so ẹ̀sìn mọ́ ìdí ìmọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ ìdí ọkọ̀.

Lemaître kò ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tí àwọn onímọ̀ rí ti fi ẹsẹ̀ ìṣẹ̀dá múlẹ̀. Àlùfáà ni Lemaître, òun ló sì ni ìrò náà. Ká ní ògo ló ń wá, ìbá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn. Ó ní ìṣirò òun kò sí nípa ẹ̀sìn, pé ẹni tó gbà Ọlọ́run gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ lè gbé e yẹ̀ wò.

Àwa náà ti ní ẹ̀kọ́ yìí nílé ṣáájú tirẹ̀. Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kú, òòrùn wọ òkùnkùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ rẹ̀ ni. Bí ó bá dákẹ́, wọn ìbá gbà á gbọ́ sí i. Kò dákẹ́. Ó kọ́ wọn pé òòrùn àti òṣùpá kì í wọ òkùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni, ó sì ní kí wọ́n kírun. Ghazali náà kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ yẹn pé ẹni tó bá ń fi orúkọ ẹ̀sìn jiyàn ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣírò dájú nípa bí òṣùpá ṣe ń bo òòrùn, ẹ̀sìn gan-an ni ó ń ṣe lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006. Wọ́n ti sọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ fún wa ṣáájú, ó sì ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ. Ìyẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti forí kanlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi orúkọ kèfèrí na ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀. Kò sí ibi kan nínú Àlùkùránì tí a ti ka iye ọdún ayé fún wa. Àwọn àlùfáà àgbà sì ti kọ́ wa pé ọjọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ọjọ́ agogo ara ògiri wa. Kí ni bílíọ́nù yóò ṣe bà jẹ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má ṣe fi iye ọdún fọ́ àgbà lójú. Awò lè fi hàn yín pé ooru wà níbẹ̀, kò lè sọ fún yín ẹni tó fẹ́ kí nǹkan wà. A gbà gbọ́ pé Ọlọ́run ló dá sánmọ̀ àti ilẹ̀ kí Hubble tó gun òkè. A ó sì máa gbà á gbọ́ bí wọ́n bá tilẹ̀ rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò lọ́la.

Ẹ óò fẹ́ mọ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ní òru ọjọ́ kan kí ìsinmi tó parí, mo lọ kan ilẹ̀kùn bàbá ọmọ náà kí n tó pe ìrun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi jáde díẹ̀." Mo pe ọmọ náà pẹ̀lú. A dúró nínú òkùnkùn, ìràwọ̀ kún òkè. Mo ní kí ọmọ sọ ìdí tí òru fi ṣókùnkùn fún bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹríba, ó fi igbó ṣe àpèjúwe. Bàbá kò fọhùn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí?" Ọmọ náà dáhùn pé, "Owó yín ni, Bàbá."

Ọkùnrin náà ṣì ń sọ títí dòní pé bílíọ́nù yẹn ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó san owó ilé-ìwé, ọmọ ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí ó bá sì wálé, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó ń tò sí nínú ìrun àsùbáà.

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní làákàyè tí kò ní ìgbéraga, àti ìgbàgbọ́ tí kò ní ìbẹ̀rù. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ó bá fẹ́.